Ìka Mẹ́ta Nínú Ihò Ẹ́ńjìnì

Ilé wa ní Sábó, fáìlì ló máa ń jí wa. Àkùkọ wà o, mẹ́ta ni wọ́n, ṣùgbọ́n àkùkọ a máa kọ, a sì máa dákẹ́. Fáìlì bàbá mi kì í dákẹ́. Kìrì, kìrì, kìrì lára irin, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí Ìyá Àgbà yóò fi pariwo láti ẹ̀yìn ilé pé, "Àlàbí, irin náà ti kú, fi í sílẹ̀!" Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Obì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè jẹrà, yóò fọ̀ ọ́, yóò ṣa èyí tó dára, yóò sì fi ewé tẹ́ agbọ̀n fún un bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún ìkókó. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ẹ̀yìn ilé ni obì Ìyá Àgbà, àárín méjèèjì ni ìyá mi ti ń dáná. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti iwájú, ìkọ́kọrẹ́ wa a máa rùn bí bẹntiróòlù. Bí ó bá fẹ́ láti ẹ̀yìn, mọ́tò àwọn oníbàárà a máa rùn bí awọ obì tó jẹrà. Mo ti jẹun nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. N kò tíì rí ìkọ́kọrẹ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀, n kò sì gbàdúrà kí n tún rí irú rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi, ṣùgbọ́n mọ́tò ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀njiníà ni ó ń jẹ́. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn mẹkáníìkì yòókù ní Ṣàgámù ni ihò. Lórí ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan ni irin ńlá kan wà tó bò ó bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Tọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é. Irin náà ní ihò tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì, ó sì ní òmíràn tí èéfín ń gbà jáde. Bàbá mi gbà pé gbogbo ihò wọ̀nyí ló kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ahun ló mú kí òyìnbó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. "Mímí ni ẹ́ńjìnì ń mí," ni yóò wí fún oníbàárà. "Ṣé ẹni tí wọ́n di nímú lè sáré?" Oníbàárà á mi orí. Bàbá mi á tú tọ́ọ̀pù, á dè é mọ́ bẹ́ǹṣì, á ki fáìlì bọ inú ihò, á máa họ ọ́, á sì fi sánpépà tó wé mọ́ igi họ ibi tí fáìlì ti họ, títí inú ihò náà yóò fi máa dán bí abọ́ tánganran. Nígbà tó yá, ìfẹ́ ihò kúrò ní ti mọ́tò nìkan. Ó fẹ ojú gọ́tà wa kí omi lè ríbi gbà; omi ríbi gbà, ó gbé òròmọdìẹ mẹ́rin lọ. Ó fẹ ihò ajere tí ìyá mi fi ń sẹ́ irú kí omi rẹ̀ lè tètè gbẹ. Irú bá omi lọ. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọbẹ̀ tí kò ní irú ka iwájú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ní ọjọ́ kẹrin ó ra ajere mìíràn, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ìyá Àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. "Àlàbí," á wí, "ihò imú rẹ kò fẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, o sì ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ." Èdè Rẹ́mọ ló fi ń sọ ọ́, ó sì ń ta létí ju bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí lọ.

Níbo ni mo wà nínú gbogbo èyí? Nínú ihò. Ọwọ́ bàbá mi nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kò lè fi tọ inú ibi tó ń họ, ojú pàápàá kò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún márùn-ún, ó ń ṣe tọ́ọ̀pù pikọ́ọ̀pù Alájì, oníṣòwò obì tó ń gbé òdìkejì títì wa. Ó pè mí, ó ní kí n ki ìka mẹ́ta bọ inú ihò, kí n yí i, kí n sì sọ bí inú rẹ̀ bá rí págunpàgun. Mo ní ó rí págunpàgun lápá òsì. Ó họ ọ́. Mo tún ki ìka bọ̀ ọ́, ìka yí geere. Wọ́n dá tọ́ọ̀pù padà sórí ẹ́ńjìnì, pikọ́ọ̀pù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹrù obì gun òkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Gbogbo Sábó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, òfin bàbá mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí ìka mẹ́ta Ṣínà, èmi nìyẹn, bá wọ ihò tó sì yí, ihò náà ti tó. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn ní irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Bàbá mi ní èmi. A máa fi mí han oníbàárà: "Ẹ wo ìwọ̀n mi. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà." Inú mi a máa dùn débi pé mo ń fọ ọwọ́ kí n tó fọ ojú. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò, n kò sì mọ bí a ṣe ṣe tí a kò rò ó, ni pé irin òyìnbó kì í jẹ ẹ̀bà. Èmi ń jẹ ẹ̀bà.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ìwé. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí. Bí ìka bá kan etí òsì, ó tó ilé ìwé í lọ. Bí kò bá kàn án, kó máa lọ ṣeré. Ìyá mi ti rán aṣọ kakí fún mi, ó ti ká a sínú àpótí pẹ̀lú síléètì. Bí ọdún ilé ìwé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bàbá mi á pè mí síwájú gbogbo ilé, á ní kí n gbé ọwọ́ kọjá orí, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti orí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, á wò ó, á ní, "Ó kù díẹ̀." Lọ́dún kìíní, ó kù díẹ̀. Lọ́dún kejì, ó kù díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí kò ga tó mi ti ń kọ ABD sára ògiri wa. Kí n má dá bàbá mi nìkan lẹ́bi, mo lọ́wọ́ sí i. Lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi, ọwọ́ mi ti kan etí tipẹ́. Ṣùgbọ́n níwájú bàbá mi, mo máa ń fa èjìká sílẹ̀. Ní ilé ìwé, ọmọ kan láàárín ọgọ́ta ni n óò jẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni ìwọ̀n. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé èmi nìkan ni ọkùnrin tí òun mọ̀ tó ń fi ìka mẹ́ta yẹ inú ìkòkò wò kó tó gbà pé ó mọ́. Ìkòkò náà kì í sì í mọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi mú kakí náà jáde, ó wọ̀ ọ́ fún mi. Apá rẹ̀ kò dé ìgbúnwọ́, bọ́tìnnì ṣòkòtò kò sì rí ihò rẹ̀. Ó mú mi lọ síwájú bàbá mi bẹ́ẹ̀. "Bàbá Ṣínà, ṣé aṣọ ló ń súnkì nínú àpótí ni, àbí kí la ti fẹ́ pè é?" Bàbá mi kò gbé ojú kúrò lára irin. "Ó lè jẹ́ ooru," ni ó wí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé ti ránṣẹ́ sí ìyá mi pé bí n kò bá wọlé lọ́dún náà, kí wọ́n má mú mi wá mọ́ láéláé. Òun kò lè fi géńdé jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké.

Àárín kan náà ni Bọ̀dá Amẹ́ríkà dé. Ọmọ Ìlárá Rẹ́mọ ni, ó sì ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Ohun tó kọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí ohun tó gbé bọ̀: mọ́tò pupa kan tó gùn gbọọrọ bí pósí ọba, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì pín sí apá méjì bí ẹ̀dọ̀fóró, tọ́ọ̀pù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú búùtù, ó gbé àpótí pákó kan wá. Tọ́ọ̀pù méjì tuntun ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán yànrànyànràn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ló ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn lọ́hùn-ún ló ń rọ irú rẹ̀ fún ẹni tí eré mọ́tò rẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn, ihò wọn sì ti fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀njiníà," ni Bọ̀dá Amẹ́ríkà wí, "mo gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ihò fẹ̀ bíi tiyín ní gbogbo Rẹ́mọ."

"Ní Rẹ́mọ nìkan?" ni bàbá mi bi í.

"Mo fẹ́ kó máa fò ni o."

"Àbúrò, yóò fò. Ìwọ ṣáà wá ibi tí yóò máa bà sí."

Ìwé pélébé kan wà nínú àpótí náà. Àwòrán ihò wà lórí rẹ̀, àwòrán fáìlì kan sì wà tí wọ́n fa ìlà méjì dábùú ara wọn lé lórí, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì wà nísàlẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé. Ó nà án sí Bọ̀dá Amẹ́ríkà, Bọ̀dá sì wò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì. "Wọ́n ní a ṣeun tí a rà á," ni ó wí. Bàbá mi ní, "Òyìnbó mọ ọpẹ́ ẹ́ dú." Ó fi ẹ̀kọ tútù lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lókè bẹ́ǹṣì rẹ̀, fún ẹ̀ṣọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Mo mọ fáìlì. Mo sì mọ irú ìlà yẹn, nítorí olùkọ́ máa ń fà á sórí síléètì ọ̀rẹ́ mi bí ó bá ṣi nǹkan kọ. N kò wá mọ ìdí tí ẹni tó ń dúpẹ́ yóò fi fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí fáìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wù mí láti mọ̀wé. Kì í ṣe ọgbọ́n ni mò ń wá. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́.

Ìka mi wọ ihò tọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò yí. Bàbá mi họ ọ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó ní, "Tún un wò." Mo ki ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́ dé oríkèé. Mo fẹ́ yí i, kò yí. Mo fẹ́ fà á yọ, kò yọ. "Yé é ṣeré," ni bàbá mi wí. "N kò ṣeré, sà." Ó dì mí lápá mú, ó fà, èmi àti irin sì jọ wá. Mo figbe ta. Ìyá mi sáré jáde tòun ti ọmọrọ́gùn, Ìyá Àgbà tẹ̀lé e, omi obì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá Amẹ́ríkà, tó ti sọ àga wa di tirẹ̀, dìde. "Ẹ rọra o, ẹ má ha tọ́ọ̀pù mi lára!" Ìyá Àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ Ìlárá yìí, bí o bá tún dárúkọ tọ́ọ̀pù, orí rẹ ni n óò kì bọ̀ ọ́."

Ó da àdín sí ìdí ìka mi, ó ní kí a fún un láyè kó wọlé. Bí a ti ń dúró, ó mú ọwọ́ mi kejì, ó gbé e kọjá orí mi. Ọwọ́ náà kò kan etí nìkan. Ó di í mú. "Àlàbí," ni ó wí, "wá wò ó. Ọwọ́ kan há sínú irin, èkejì di etí mú. Ọmọ rẹ ti dàgbà." Bàbá mi kò wo etí mi. Ihò ni ó ń wò. "Ihò ló ṣì kéré," ni ó wí. "Ihò kọ́!" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọwọ́ ló tóbi. Ọwọ́ tí o fi wọn mọ́tò Alájì dà? Èyí ti jẹun fún ọdún mẹ́ta lé e lórí. Bí ọmọ yìí bá gbéyàwó, ṣé ihò tí ewúrẹ́ lè gbà kọjá ni wàá máa dá sí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni?"

Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà jù ú lọ bó ti wà nígbà náà, mo mọ ohun tó ń jà nínú rẹ̀. Bí ó bá gbà pé ọwọ́ mi tó ilé ìwé, ó gbà pé ìwọ̀n rẹ̀ ti ń dàgbà láti ọjọ́ yìí wá, àti pé àwọn awakọ̀ tó ń padà wá ráhùn pé mọ́tò àwọn ń bú ramúramù ṣùgbọ́n kò lágbára, tí òun ń sọ fún pé epo wọn ni kò dára, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rí ọkàn kan kì í gbé méjì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pàápàá níwájú oníbàárà. Ó na fáìlì sókè. "Ẹ gbọ́, gbogbo yín! N óò fẹ ihò yìí títí ọwọ́ ọmọ yìí yóò fi yí nínú rẹ̀. Bí mọ́tò yìí bá gun òkè ọ̀nà Ìlárá láìdúró, Ṣínà kò relé ìwé mọ́, ọmọ iṣẹ́ mi ni. Bí kò bá gùn ún, èmi fúnra mi ni n óò fà á lọ́wọ́ dé iwájú ọ̀gá ilé ìwé."

Ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀, ní, "Mo gbọ́ o, Bàbá Ṣínà." Ìyá Àgbà ní òun náà gbọ́, òun yóò sì bá wọn lọ, òun ní obì tí òun fẹ́ gbé dé Ìlárá. Lẹ́yìn náà ni àdín tú mi sílẹ̀.

Fáìlì kò sinmi lọ́sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kan mo ki ìka bọ ihò, ó yí geere. Bàbá mi tẹ̀ síwájú. "Ó ti tó?" Mo wo ìwé ara ògiri, mo wo fáìlì tí wọ́n fa ìlà lé lórí. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, sà." Ó tún họ ọ́. Ó tún bi mí. "Ó kù díẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ojú tí òun náà fi máa ń wí i fún mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Ọ̀sán Sátidé ni a lọ. Bọ̀dá Amẹ́ríkà di ọwọ́ mọ́tò mú, bàbá mi jókòó tì í, wọ́n sì ká Ìyá Àgbà bí ẹní kó tó lè gba ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìn, èmi àti agbọ̀n obì rẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí mọ́tò náà bú, àwọn ènìyàn jáde sí ojú ọ̀nà. Bàbá mi ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tó wọlé ìbò. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sáré, n kò níí purọ́. Nígbà tí a dé ìdí òkè, Bọ̀dá tẹ iná mọ́lẹ̀. Ariwo pọ̀ sí i, ìrìn dín kù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò wúkọ́, ó gbọ̀n, ó ń fà bí ìgbín. Ohun kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Pikọ́ọ̀pù Alájì ni, agbọ̀n obì kún ún dé òkè, òun gan-an ló sì ń wà á. Ó yọ orí síta bó ti ń kọjá. "Ẹ̀njiníà! Ṣé ẹ̀ ń sinmi ni, àbí igi oko lẹ̀ ń kà?" Ó lọ. Tọ́ọ̀pù tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún wọ̀n ló gbé e lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí, "orúnkún ń ro mí." Wọ́n tún ká a, wọ́n yọ ọ́ jáde. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó mú mi lọ́wọ́, a sì fẹsẹ̀ rìn dé orí òkè. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ń tún ewé agbọ̀n ṣe. A ń gbọ́ mọ́tò náà nísàlẹ̀, ó ń bú, ó ń kú, ó ń bú. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló tì í dé òkè, bàbá mi sì ń rìn lẹ́yìn wọn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó lóṣòó ti ìyá rẹ̀.

"Àlàbí, nígbà tí o wà lọ́mọdé, ta ló ń bá mi fẹ́ná?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé gbàgà lo máa ń la ẹnu?"

Ó ń yí fìlà rẹ̀ kiri lọ́wọ́.

"Ṣe lo máa ń ṣù ú jọ, kí atẹ́gùn lè fi agbára jáde. Ẹni tó la ẹnu gbàgà síná, èéfín ni yóò jẹ."

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé. Kò jẹ́ kí n dá rìn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ sá. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n gbé ọwọ́ kọjá orí. Ó kọjá etí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀njiníà, níbo lẹ ti ń tọ́jú géńdé yìí?" Bàbá mi ní, "Ó kù díẹ̀ ni, sà." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún mi kan àyà, kakí mi sì ya lẹ́yìn nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti mú ẹfun. Mọ́tò pupa padà sí Ìlárá pẹ̀lú tọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀, ó sì ń sáré dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sétí bàbá mi. Àwọn tọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kù sọ́dọ̀ wa. Ìyá Àgbà fi ọ̀kan tẹ ewé orí agbọ̀n obì, ó fi èkejì dá ilẹ̀kùn dúró. Bàbá mi lọ bẹ Alájì pé kó jẹ́ kí òun ṣí tọ́ọ̀pù pikọ́ọ̀pù náà, kí òun lè fi irin wọn ihò rẹ̀. Alájì ní, "Mọ́tò tó ń sáré, ta ló ń ṣí i lórí?"

Ó pẹ́ kí n tó mọ òyìnbó kà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ń mu gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, èmi jókòó sórí táyà pẹ̀lú ìwé mi. Ó fi ṣíbí tọ́ka sí ara ògiri. Ìwé Amẹ́ríkà ṣì wà níbẹ̀, epo ti sọ ọ́ di pupa. "Akọ̀wé, ka ìyẹn fún mi." Mo dìde, mo kà á sínú. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ó ní ihò wọ̀nyí ti fẹ̀ tó bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fáìlì kàn wọ́n. Mo rántí "ó kù díẹ̀" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá mi gbé ṣíbí dúró lókè abọ́.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ rà á, sà."

Ó mi orí. "Ohun tí ọmọ Ìlárá wí náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò lè purọ́." Ó padà sídìí gàrí rẹ̀. Ìyá Àgbà ń kọjá lọ pẹ̀lú ìdì ewé lọ́wọ́. Kò kàwé rí láyé rẹ̀. Ó dúró, ó wo fáìlì tí wọ́n fa ìlà lé lórí, ó wo èmi, ó ṣù ẹnu jọ bí ẹni fẹ́ fẹ́ná, ó sì kọjá lọ.